Ẹ Ní Kí Ọmọ Náà Kàwé Sí Yín Létí: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Olùkọ́ ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi n'Íbàdàn, mo sì ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá ní ìwé kíkà. Ọmọ ọdún 7 ló kéré jù nínú wọn báyìí. Ẹni tó dàgbà jù, ìyá kan tó ti lé ní 60 ọdún ni. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú tọ̀ yín wá. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀wé kà, ibi tó dé gan-an ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ibi tí kíláàsì rẹ̀ tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ sọ pé ó yẹ kó dé. Èdè tó ń gbọ́ sì ni kí á fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún yín. Ọmọ ọdún 12 ni, Pírámárì 5 ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ tó ń dín àkàrà mú un wá bá mi. Ìyá náà ní, "Ẹ̀yin màmá, wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá mi ṣírò owó láràárọ̀, kì í ṣì í." Mo gba ìwé kíkà tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo ní kó ṣí ibi tó bá wù ú. Ó kà á geere, kò kọsẹ̀ rárá. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán tó wà lókè, mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wá fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà kẹta, mo ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí?" Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i pé ó ń fi ìka ka nǹkan. Ìlà kẹta ló ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó ń ka iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi kan èyí tí mo fi ìka sí. Ó sì rí i! Ó dá mi lóhùn, ó sì gbà á.

Ẹ gbọ́ o, ọmọ yẹn kò mọ lẹ́tà mẹ́wàá. Ó ti há odindi ìwé sórí láti ẹnu àwọn ẹlòmíràn kí ojú má baà tì í. Ọpọlọ tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọpọlọ tó pé ni. Àwa la kò bá a dé ibi tó wà. Ọdún márùn-ún ló fi jókòó nínú kíláàsì, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń ṣe ìdánwò, ó ń gba káàdì èsì, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ní, "Ọmọ mi, ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sí mi létí." Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí. Àwọn ọmọ 60 á pariwo kàwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ohùn kan náà ló ń jáde, olùkọ́ tó dúró níwájú á sì rò pé gbogbo wọn ló ń kà á. Èmi náà ti dúró níwájú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Mo ti buwọ́ lu káàdì àwọn ọmọ tí n kò gbọ́ ohùn wọn lọ́tọ̀ rí, mo sì gbé wọn gòkè nítorí pé àṣẹ ni pé kí gbogbo wọn gòkè. Ó ń dùn mí títí di òní.

Láti ọdún mélòó kan ni UNICEF ti ń sọ pé nínú ọmọ 4 tó wà láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, 3 ni kò lè ka gbólóhùn kan tó rọrùn tàbí kó ṣe ìṣirò kékeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé àsọdùn ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ àdúgbò mi lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo tó mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ gan-an, nítorí pé ibẹ̀ kéré, èèyàn lè má kíyè sí i. A máa ń kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orin: a, bí, dí, é, ẹ́, fí, gí, gbí. Orin náà dùn. Àmọ́ orúkọ lẹ́tà ló kọ́ ọmọ, kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí lẹ́tà ń ṣe. Bí olùkọ́ bá wá kọ b àti a sójú pátákó, tó ní kí ọmọ pa wọ́n pọ̀, ọmọ á ní "bí-á." Olùkọ́ á ní rárá, "ba" ni. Ọmọ á gbà bẹ́ẹ̀ nítorí pé àgbà ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí "í" náà wọlé sí. Láti ọjọ́ yẹn ni á ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ìwé kíkà kò ní ìdí, pé èèyàn kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ ni, kó sì há a sórí. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin tí mo sọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há ìwé.

Etí ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan lẹ́tà rárá. A óò máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀. À-gbà-do, ẹ̀ẹ̀mẹta. I-yọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún 7 lè ṣe é, ìyá àgbà náà lè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ́ẹ̀ la fi ń ṣe ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà ni n ó mú páálí jáde. Páálí ńdómì àti ti mílíìkì ni mo ń gé sí wẹ́wẹ́, sílébù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N ó ní kí wọ́n pa ètè pọ̀ fún b, kí wọ́n má tíì jẹ́ kó jáde, kí wọ́n di í mú sẹ́nu, kí wọ́n wá ṣí i sórí a. Ba. Ṣí i sórí e. Be. Ṣí i sórí ẹ. Bẹ. Bi, bo, bọ, bu. Bí ètè bá ti mọ̀ ọ́n fún b, kò pẹ́ tí yóò fi mọ̀ ọ́n fún d, fún f, fún k.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe ṣàánú ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà. Kọ́ńsónáǹtì 18 la ní, fáwẹ̀lì tí a ń fi ẹnu pè jẹ́ 7. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, sílébù 126 ló máa fún yín. Ẹ fi àwọn fáwẹ̀lì tí a ń fi imú pè kún un, an, ẹn, in, ọn, un, àti m àti n tó ń dá dúró bí ti inú "òroǹbó," ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn. Kò sí kọ́ńsónáǹtì méjì tó ń gun ara wọn lẹ́yìn, nítorí ẹyọ kan ni gb. Kò sí lẹ́tà tó ń jókòó lásán láìsọ̀rọ̀ bí k tó wà níwájú "knife" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a kọ la ń pè. Ibi kékeré tó ń dí ọmọ lọ́wọ́, bíi "ìbọn" àti "ìtàn" tí ohùn ìparí wọn jọra tí a sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò gbà ju ọjọ́ méjì lọ láti ṣàlàyé: lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn la ń kọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, an. Ẹ wá fi èyí wé "though," "through" àti "cough." Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn mẹ́ta ló ń jáde. Ẹni tó ti mọ̀wé kà lè fara da irú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ̀ pé lẹ́tà ń sọ òótọ́, tí ó sì jẹ́ pé èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ẹrù méjì ni ẹ gbé lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan á ní ọmọ ọdún 12 ti dàgbà jù láti máa kà "ba, be, bẹ." Mo máa ń sọ ti ọmọ Òṣoògùn fún wọn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n gbé e dé Freetown. Ó ti ju ọmọ ọdún 10 lọ dáadáa, kò sì mọ lẹ́tà kan. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó ní láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Samuel Àjàyí Crowther nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ́ ọ nítorí pé kò tíì sí ìwé Yorùbá tí ọmọdé lè kà. Nígbà tó dàgbà tán, ó jókòó ti èdè ìyá rẹ̀: ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, nígbà tó sì fi máa di 1884, odindi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá, òun sì ló ṣe olórí iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀nà tó kún fún ẹ̀gún tí òun gbà, ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti ro ó fún àwa tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti 2022, èyí tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí, èsì ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB kò dára níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ipò wọn, ṣùgbọ́n mo gbà pé àṣìṣe ni, àárín ilẹ̀ wa níbí la sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ọdún mẹ́fà pé, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ọ kò kẹ́yìn níbì kankan, wọ́n sì ta àwọn ìyókù yọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní 1990. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe àṣírí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ìlú òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ìjà èdè ìkọ́ni sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Èdè tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ máa fi kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré sí ìyẹn: ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé kọ́kọ́ mọ ìwé kà ní Yorùbá, kó tó kà á lédè mìíràn. Èkó ti fi òfin dáàbò bo kíkọ́ èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ ní 2018. Kò sí ohun tó dí ẹnikẹ́ni nínú yín lọ́wọ́ láti fi wákàtí kan lójúmọ́ fún un. Ìwé kíkà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń kọ́ ọ láyé. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, nígbà tó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, ó ti mọ̀ pé lẹ́tà ń pe ohùn, ó ti mọ b, d, f, k, l, m, s, t. Ó ku kí á sọ fún un pé p ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe p tiwa, pé Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí á fi ojú mọ̀, bíi "one" àti "said." Oṣù márùn-ún ni ọmọ alákàrà yẹn lò lọ́dọ̀ mi kó tó lè ka ojú ewé Yorùbá kan tí kò rí rí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Kò tíì yá níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín, ìdánwò àṣewọ girama sì ti ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àmọ́ tí mo bá fi ìka sí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ló ń wò.

Ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, páálí ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn títí di àsìkò ìsinmi. Mo rí ọmọbìnrin kan tó gbé e kọ́rùn fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sọ Yorùbá mọ́, kò sì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ̀rọ̀ rárá. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí ọmọ tí kò gbọdọ̀ la ẹnu mọ ìwé kà? Ẹ jọ̀wọ́, bí irú páálí bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ kankan lábẹ́ yín, ẹ kó wọn kúrò.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí pé ìjọba kì í sábà rántí wọn àfi ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án tí ayé ń ṣe ọjọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Obìnrin kan wà tó ń ta ata ní Bódìjà. Ohun tó gbé e wá ni káàdì àjọ. Ó mọ nọ́ńbà dáadáa, kò sí ẹni tó lè fi owó rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ ohun tí alájọ ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn. N kò mú ìwé ọmọdé fún un. Mo kọ "ata" sórí páálí. Mo fi ìka bo ìparí rẹ̀, mo ní, "A." Mo ṣí i, mo ní, "Ta." Ó ní, "A. Ta." Ó dákẹ́. Ó tún un pè kíá, "Ata!" Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́ ìró rẹ̀, ó di ọjà. Nígbà tó máa padà dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti fi ẹfun kọ ọ́ sára apẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ la ti lọ sí "rodo," a rí ro, a rí do. A lọ sí "tàtàṣé," ta tún padà wá, ó rí i fúnra rẹ̀, ó ní, "Màmá, èyí ni mo mọ̀ lánàá." Láàárín oṣù mélòó kan, ohun tó wà lórí igbá ata rẹ̀ ti fún un ní èyí tó pọ̀ nínú sílébù tó nílò.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní Brazil, ní 1963, Paulo Freire àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ nǹkan bí òṣìṣẹ́ 300 ní ìlú Angicos ní ìwé kíkà láàárín wákàtí 40. Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ wọn ni ọ̀nà rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni "tijolo," ìyẹn bíríkì: ti, jo, lo, lẹ́yìn náà ta, te, ti, to, tu. Ẹ pè é wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi Yorùbá. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní 1964, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì sá kúrò nílùú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí n kò rí nínú ìwé ìlànà kankan. Télọ̀ kan, ẹni ọdún 52, wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù méjì, kò ní ìlọsíwájú. Ó ń ka "ọkọ" bí "oko," ó ń ka "ẹ̀gẹ́" bí "ege." Mo ń tún un sọ, ó ń tún un ṣì. Ó ti fẹ́ pa á tì. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè pé ta ló ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́ nílé ìránṣọ. Ó ní ọmọbìnrin òun ni, láti bí ọdún mẹ́ta. Ojú ni! Kò rí àmì kékeré tó wà lábẹ́ ọ àti ẹ. Mo ní kó lọ ra gíláàsì ìkàwé lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jókòó, ó gbé páálí sókè, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, "Àmì wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ó ti lé ní 50 ọdún, ojú àgbà sì ti dé, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní owó díẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àgbà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ra gíláàsì.

Àwọn kan sì wà, lọ́mọdé lágbà, tí lẹ́tà kì í tètè dúró fún bó ti wù kí wọ́n tẹra mọ́ ọn. Dyslexia ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀lẹ tàbí àìgbọ́n. Iṣẹ́ sílébù kan náà yìí ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, ju ti ẹlòmíràn lọ. Pàṣán kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rí.

Àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sá fún un, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n sì ń tà fún ọmọdé kò fi í sí. Ẹni tó ti mọ̀wé kà dáadáa lè ka Yorùbá aláìlámì, á fi òye gbé e. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní òye yẹn láti fi ṣe ọ̀pá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo kọ igba, igbá, ìgbà, ìgbá àti igbà sílẹ̀, a ń fi ẹnu lù wọ́n bí ìlù: re-re, re-mí, dò-dò, dò-mí, re-dò. Àwọn ọmọdé mọ mẹ́rin. Nígbà tó kan "igbà," wọ́n pè é dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tó jẹ́. Ìyá àgbà tó ti lé ní 60 yẹn, tí lẹ́tà ṣì ń rú lójú, ló rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ìborùn rẹ̀ yí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi po, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì fi bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún 7 fi bí a ṣe ń kọ ọ́ hàn án. Ìdí nìyí tí n kò fi ya ọmọdé sọ́tọ̀ kúrò lára àgbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, mo bẹ̀ yín, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ ní kí wọ́n pe ọmọ kọ̀ọ̀kan láti Pírámárì 2 dé 6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kó ka lẹ́tà, bó bá mọ̀ ọ́n, kó ka ọ̀rọ̀, bó bá mọ̀ ọ́n, kó ka ìpínrọ̀ kan. Kí wọ́n má fún un ní máàkì, kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti fi nà án. Lẹ́yìn náà, fún wákàtí kan lójúmọ́, kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tú ká, kí àwọn tó wà ní lẹ́tà jókòó pọ̀, kí àwọn tó wà ní ọ̀rọ̀ jókòó pọ̀, kíláàsì yòówù kí wọ́n wá. Pratham, àjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1990, ló jẹ́ kí ọ̀nà yìí gbajúmọ̀ láyé, wọ́n sì ti lò ó ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya. Kò béèrè fún kọ̀ǹpútà. Ohun tó béèrè ni kí olùkọ́ gbà pé ọmọ Pírámárì 5 lè jókòó ti ọmọ Pírámárì 2 láìsí ẹ̀sín, kí ó sì dúró lé e pé kò ní sí ẹ̀sín.

Olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ gbé e sí Pírámárì 1. Ohun tí mo rí fún ọdún 31 ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí ẹni tí ọ̀gá ń bínú sí ni wọ́n ń fi síbẹ̀, wọ́n á sì kó àwọn ọ̀jáfáfá lọ sí Pírámárì 6 nítorí ìdánwò. Ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Ìwé ọmọdé tí kò bá ní àmì ohùn pé, ẹ má fi owó ìpínlẹ̀ rà á. Àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà tí owó wọn kì í jáde, ẹ bá wọn san án, torí pé lálẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọjà, pẹ̀lú iná fóònù.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló sì ń dé ọ́fíìsì yín. Bí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ bá mi ṣe ẹyọ kan yìí: nígbà tí ẹ bá tún lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ kan wò, tí wọ́n ti kọrin kí yín tán, ẹ mú ọmọ kan láti ìlà ẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ewé, ẹ sì ní kó kà á sí yín létí.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì fẹ́ wo bí a ṣe ń ṣe é, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Àyè wà lórí ẹní. Ẹ bá wa mú páálí dání, èyí tí a ń gé kọ sílébù ti ń tán.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn